Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Tó Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kó Ìdọ̀tí Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa sọ. A tẹ̀ ẹ́ síbí kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi lè kà á.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, mi ò sì ní jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí mo mọ̀ pé ebi ti ń pa àwọn kan, òórùn ìrẹsì náà sì ti ń ti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wọlé wá.

Kí n lọ tààrà. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé ká ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, èyí tó ní bọ́dì ìkẹ́rù lẹ́yìn, kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kó ìdọ̀tí. Ẹ ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ mú èèyàn mẹ́rin wá, ẹni kan táá máa wakọ̀, àti ẹni mẹ́ta táá máa kó o. Inú wa dùn sí i gan-an. Gbogbo wa la mọ bí gọ́tà ẹ̀yìn ọjà ṣe máa ń rí tí òjò bá ti rọ̀. A ti rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ wa ni gbogbo wọn, ẹ mọ bàbá wọn, ẹ mọ ìyá wọn.

Àmọ́ ìlà kan wà nínú ìwé ìpinnu ọjọ́ yẹn. Ó ní ìbọ̀wọ́, bàtà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn yóò dúró di ìgbà tí owó oṣooṣù láti ojúlé bá ti ń wọlé dáadáa. Ìlà yẹn gan-an ni mo bá wá síbí lónìí. Mo wá bẹ̀ yín pé ká yí i padà. Kí ààbò àwọn ọmọ yìí ṣáájú, kí kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e.

Mi ò wá kọ́ àgbà lọ́gbọ́n o. Ẹ̀yin lẹ bí wa, ẹ̀yin lẹ rán wa níwèé. Ohun tá a rí ni mo wá jíṣẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ yìí lé wa lọ́wọ́, èmi àti akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́ lọ bá àwọn tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. A bá àwọn tó ń ti ọmọlanke nínú ìlú yìí sọ̀rọ̀. A sì bá àwọn tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ akólẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìlú tí mo ti ń kàwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo la bi wọ́n: kí ló ń ṣe yín lẹ́nu iṣẹ́ yìí? Ẹ lè rò pé òórùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, àbí? Kò sẹ́ni tó dárúkọ òórùn. Wọ́n ní òórùn máa ń mọ́ èèyàn lára. Ohun tó ń gún wọn ni wọ́n dárúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, èéfín.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn na àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ sí wa. Ó ní, “Àbúrò mi, ọ̀rá kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tó o bá gbé e tán lo máa tó mọ ohun tó wà ńbẹ̀.” Abẹ́rẹ́ ìgúnni ló gún un látinú ọ̀rá ìdọ̀tí ilé ẹnì kan. Kí ló ṣe sí i? Ó da kẹrosíìnì sí i, ó fi àkísà wé e, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò lọ sọ́sípítù. Títí dòní, kò mọ ilé tí abẹ́rẹ́ yẹn ti wá, kò sì mọ ohun tó wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Tótó, ó ṣe bí òwe. Abẹ́rẹ́ tó gún ẹ̀gbọ́n yẹn kò ti orí ààtàn wá. Inú yàrá ni wọ́n ti lò ó, inú yàrá náà ni wọ́n ti jù ú sínú ọ̀rá. Ohun tí mo fẹ́ ká gbé lọ sílé lónìí nìyí: inú ilé wa ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ewu iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa la ń dì í lẹ́rù, tí a ń gbé e fún wọn. Bó bá jẹ́ pé àwa la dì í, àwa náà la lè tú u.

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn ewu náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní ni ohun ẹnu mímú. Abẹ́rẹ́, bíléèdì, àfọ́kù ìgò, páànù tí a fi ọ̀bẹ ṣí, igi tó ní ìṣó lára. Ní ayé àtijọ́, ilé ìwòsàn nìkan la ti ń rí abẹ́rẹ́. Lónìí ńkọ́? Àtọ̀gbẹ ti pọ̀ láàrin wa, ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló ń gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nílé ní àràárọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá gún aláìsàn nílé. Àwọn oníkẹ́mísì kan ń gún abẹ́rẹ́ ní kọ̀rọ̀. Níbo ni gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ? Inú ọ̀rá dúdú ni, pẹ̀lú èèpo iṣu.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún ẹni tó ní hepatitis B, ìyẹn àrùn burúkú tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bá gún ẹlòmíì, ó lè tó 30 nínú 100 irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó máa kó o. Ti HIV kéré sí i, ó jẹ́ bíi 3 nínú 1,000. Gbogbo wa là ń bẹ̀rù HIV, a kì í sì í bẹ̀rù hepatitis, bẹ́ẹ̀ hepatitis B ló tètè ń ràn jù nínú méjèèjì. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64, bíi 8 ló ní hepatitis B lára. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀, torí ó lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fara hàn. Ẹ tún gbọ́ èyí o: kòkòrò àrùn náà lè wà láàyè ní ìta ara fún ó kéré tán ọjọ́ 7. Tí wọ́n bá ju abẹ́rẹ́ nù lọ́jọ́ Ajé, tí kẹ̀kẹ́ wa sì dé lọ́jọ́ Sátidé, abẹ́rẹ́ yẹn ṣì lè pa èèyàn lára.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì náà ń bẹ, àrùn tó ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn há, tí gbogbo iṣan ara á máa le gbagidi. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọlé. Ìṣó kékeré ti tó o.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún méjèèjì. Ti hepatitis B, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà máa ń gbà á: àkọ́kọ́ lónìí, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí a lè sáré ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìlà yẹn kò dára. Tí a bá ní ká dúró di ìgbà tí owó bá wọlé, àwọn ọmọ yìí á ti kó ìdọ̀tí fún oṣù mélòó kan láìní ohunkóhun lára tó máa gbà wọ́n.

Èkejì ni ẹrù wíwúwo. Àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní NIOSH, fi kìlógíráàmù 23 ṣe òdiwọ̀n ohun tí èèyàn kan lè gbé, ìyẹn náà tó bá jẹ́ pé ohun gbogbo rọrùn, tí ẹrù súnmọ́ àyà, tí kò sí pé èèyàn ń lọ́ ara. Àpò sìmẹ́ńtì wa jẹ́ kìlógíráàmù 50, ẹ rí i pé 23 kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹ wá ro àpò ìrẹsì àtijọ́ tí a kó ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ méjì sí, tí òjò pa, tí omi ń ro tótótó láti ìdí rẹ̀. Ọmọ wa á tẹ̀, á gbé e, á lọ́ ara, á jù ú sókè bọ́dì kẹ̀kẹ́. Á tún ṣe é ní ilé kejì. Á ṣe é ní ilé ọgọ́rin. Àwọn tó ti ń ti ọmọlanke tipẹ́ sọ fún wa pé àárọ̀ ni ìnira wọn, kí wọ́n tó lè nà tán lórí ẹní. Ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́ lónìí, iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ ṣe lọ́la?

Ẹ̀kẹta ni ohun jíjẹrà àti èkúté. Àwa tó wà ní apá ibí yìí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ èkúté ṣeré. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, ti di ohun tí a ń gbọ́ lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Ọ̀wọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọsibítù ńlá tó ń tọ́jú rẹ̀ wà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan ló ń kó o ràn èèyàn. Ibo ni èkúté fẹ́ràn jù? Ibi tí oúnjẹ wà, tí ọ̀rá kò ní ìdè, tí kò sẹ́ni tó ń lé e. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán tó ti ya di irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ mú, ó ti ko ewu. Yàtọ̀ sí èkúté, pámpásì ọmọdé àti páàdì tá a lò tán náà wà níbẹ̀. Tí akólẹ̀ kò bá rí omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹ búrẹ́dì, ìgbẹ́ gbuuru ò jìnnà. Ó tún lè gbé e délé fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èéfín àti kẹ́míkà. A fẹ́ràn ká máa dáná sun ìdọ̀tí. Tí ọ̀rá bá ń jó, èéfín dúdú tó ń jáde kì í ṣe èéfín igi o. Ó ní májèlé nínú, ó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, ó sì ń gbé ikọ́ fée dìde lára ẹni tó ní in. Agolo oògùn ẹ̀fọn lè bú gbàmù nínú iná. Bátìrì fóònù tó ti wú náà lè gbiná tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ nínú ẹrù. Gbogbo wa la gbọ́ nípa ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta, l'Ékòó, tó gbiná ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí èéfín bo àdúgbò. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ààtàn ló kọ́kọ́ fa èéfín yẹn símú, kí àwọn onílé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Inú ìdọ̀tí ilé náà la tún ti ń rí ike oògùn apakòkòrò tí kò tán tán, àti kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń po ọṣẹ ṣẹ́ kù. Tí ó bá tú sí ara, awọ á bó.

Ìkarùn-ún ni ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka iye òṣìṣẹ́ tó ń kú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún, iṣẹ́ akólẹ̀ kì í sábà kúrò lára iṣẹ́ mẹ́wàá tó ń pa èèyàn jù lọ, ọkọ̀ ló sì ń pa ọ̀pọ̀ wọn. Ọkọ̀ ẹlòmíì á gbá wọn, tàbí ọkọ̀ tiwọn gan-an á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó wà l'Ékòó, ẹ máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akólẹ̀ lórí eré. Kẹ̀kẹ́ tiwa kéré, àmọ́ ó lè ṣubú ní kọ́nà, pàápàá tí ẹrù bá ga jù, tí èèyàn sì jókòó lórí ẹrù.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, kò gùn. Ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1968, akólẹ̀ méjì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Echol Cole àti Robert Walker, sá fún òjò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ nínú ọkọ̀ náà ṣàdédé gbéra, ó sì fún wọn pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣàròyé nípa irú ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, wọn ò rí ẹni dá wọn lóhùn. Akólẹ̀ bíi 1,300 daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé pátákó rìn kiri ìgboro, ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju pé: ènìyàn ni mí. Ìjà wọn yìí ni Martin Luther King lọ bá wọn dá sí ní Memphis, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti yìnbọn pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún náà. Ẹ wò ó, kì í ṣe owó nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ yẹn béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n kà wọ́n sí èèyàn.

Èmi kò fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ wa kan bá kú la máa tó ṣèpàdé lórí ìbọ̀wọ́.

Ní ti òfin, mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Ṣé iṣẹ́ wa ni? Ṣebí ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìdọ̀tí?” Òótọ́ ni. Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ kíkó ìdọ̀tí mọ́ ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. A ò ní dákẹ́ lórí ìyẹn, a ti ń múra láti kọ̀wé sí wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ yìí bá ti ń san owó oṣù fún àwọn mẹ́rin yìí, àwa la di ọ̀gá wọn. Ìwé òfin kan náà, ní abala 17, sọ pé kí á dáàbò bo ìlera àti ààbò gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Òfin kan tún wà láti 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ á máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sí àpò kan lọ́dọ̀ àjọ NSITF, kí àpò yẹn lè gbé òṣìṣẹ́ náà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbọ́ o. Owó oṣù èèyàn mẹ́rin kò pọ̀, ìdá kan rẹ̀ kò tó owó kánópì tí a gbà fún ìpàdé òní.

Mo ti gbọ́ àwọn àtakò kan, kí n má díbọ́n pé mi ò gbọ́.

Àwọn kan ní, “Tẹ́ ẹ bá ra ìbọ̀wọ́ àti bàtà fún wọn, wọ́n á tà á.” Èsì wa ni pé kí ohun èlò náà wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí wọ́n máa fọwọ́ síwèé gbà á láàárọ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n dá a padà lọ́sàn-án. Èyí tó bá gbó, kí wọ́n mú un wá kí wọ́n tó gba tuntun. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: aṣọ ìdọ̀tí kò ní máa bá wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn.

Àwọn kan ní ooru á mú wọn, wọn ò ní wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé ooru ń mú. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìdájí nígbà náà, kó parí kó tó di aago mọ́kànlá, kí omi mímu sì wà nínú kẹ̀kẹ́.

Bàbá mi kan, mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, ní, “Àwọn tó ń kólẹ̀ láyé ìgbà tiwa kò wọ ìbọ̀wọ́, kí ló ṣe wọ́n?” Bàbá, ẹ má bínú. Ìdọ̀tí ìgbà yẹn yàtọ̀. Ewé ẹ̀kọ, èèpo ẹ̀gẹ́, eérú àti igbá fífọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí bátìrì fóònù nínú rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Àti pé, ta ló bi àwọn èèyàn yẹn léèrè bóyá nǹkan ṣe wọ́n?

Ó kù ohun tí à ń tọrọ. Ní ti ẹgbẹ́, nǹkan márùn-ún ni. Kí gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba àjẹsára hepatitis B àti tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ìkíní àti ìkejì ti hepatitis B sì ti wọ ara wọn kí kẹ̀kẹ́ tó jáde. Kí olúkúlùkù ní ìbọ̀wọ́ méjì tó nípọn, kì í ṣe ti ọsibítù tó fẹ́lẹ́, pẹ̀lú bàtà òjò tí ìdí rẹ̀ le, ìbòmú, àti ẹ̀wù tó ń tàn yanran tí iná ọkọ̀ bá kàn án. Kí kẹ́ẹ̀gì omi, ọṣẹ, ṣọ́bìrì àti réèkì wà nínú kẹ̀kẹ́. Kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NSITF. Kí á sì bá ọsibítù kan ṣàdéhùn, kí ọmọ tó bá fara pa má bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó káàdì kiri. Iye tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan jẹ́ wà nínú ìwé tí akọ̀wé wa ti pín.

Ní ti àwa onílé, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Tí o bá ń gún abẹ́rẹ́ nílé, wá ike líle tó ní ọmọrí, bíi ike òróró tàbí ti ọṣẹ olómi. Ju abẹ́rẹ́ sí i gbàrà tí o bá lò ó tán, má ṣe fi ọwọ́ dé e padà. Tí ó bá ti fẹ́ kún, dé e pinpin, kí o gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Má ṣe fún akólẹ̀. Àfọ́kù ìgò àti bíléèdì, fi ìwé ìròyìn tàbí páálí wé e dáadáa, kó o sì kó o lọ́tọ̀. Bátìrì àti agolo oògùn, kó o lọ́tọ̀. Di ẹnu ọ̀rá rẹ. Má jẹ́ kí òjò pa á. Tí ìwọ fúnra rẹ kò bá lè fi ọwọ́ kan gbé e, pín in sí méjì. Má sì dáná sun ún.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó máa ka èyí láti Britain àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fowó oògùn àtọ̀gbẹ ránṣẹ́ sí màmá nílé. Ẹ̀yin tó wà ní Britain mọ̀ pé àpótí ofeefee kan wà níbẹ̀ fún abẹ́rẹ́, pé èèyàn kì í ju abẹ́rẹ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Tẹ́ ẹ bá ti ń pe màmá lórí fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè: “Màmá, níbo lẹ̀ ń ju abẹ́rẹ́ yẹn sí?” Ìbéèrè yẹn nìkan lè gba ọmọ ẹlòmíì là.

Ẹ̀yin ojúgbà mi tó máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹ gbọ́ tèmi. Tí nǹkan bá gún yín, ẹ má ṣe mú un jẹ. Ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fún un, ẹ má da kẹrosíìnì tàbí omi bátìrì sí i. Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ sì lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà. Oògùn tó ń dènà HIV wà, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ má sì jókòó lórí ẹrù nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ.

Ó ku ohun kan tí owó kò lè rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kí wọn. Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sọ fún wa pé àwọn ilé kan wà tí wọn kì í mọ orúkọ òun, “Kólẹ̀kólẹ̀!” ni wọ́n ń pè é, tí ọmọdé á sì dá imú mú níwájú rẹ̀. Àwọn mẹ́rin wa lórúkọ. Ẹ pè wọ́n ní orúkọ wọn. Ẹ ní “ẹ kú iṣẹ́”. Tí ooru bá mú, ẹ fún wọn lómi tútù. Ẹni tó bá mọ orúkọ ẹni tó máa gbé ọ̀rá rẹ̀, kò ní lè ju abẹ́rẹ́ síbẹ̀.

Àbá tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ gbé síwájú ìpàdé yìí nìyí: kí ẹ fagi lé ìlà yẹn nínú ìwé ìpinnu, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò ní jáde títí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi gba abẹ́rẹ́ ìkejì, tí ohun èlò wọn yóò sì pé. Tó bá gba pé ká dúró fún oṣù kan sí i, ẹ jẹ́ ká dúró. Ìdọ̀tí ti ń dúró dè wá láti ọjọ́ yìí wá. Ìlera wọn kò ní dúró dè wá.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ṣetán, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà ṣetán. Ìlú wa á dùn, á sì tòrò. Àṣẹ.